Omi Tí Adékànmí Kò Wọ́n sí Ògiri Akpevwe

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Ti Adékànmí kò tilẹ̀ tíì tó ogún ọdún tí òtítọ́ fi lé e bá. Inú kíláàsì kan ní Ajégúnlẹ̀ ló ti bá a, lójú àwọn òbí tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, tí eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò nà án, ẹnikẹ́ni kò sì fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á. Ọkùnrin náà dìde fúnra rẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má tíì wó nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí mi ò bá sọ ọ́, mi ò yẹ lẹ́ni tí àwọn ọmọ yín ń dọ̀bálẹ̀ kí." Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, tí ẹ ń rí i bó ṣe ń sanra tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, ẹ lè rò pé bí ọkàn rẹ̀ ṣe máa ń balẹ̀ láti ilẹ̀ wá nìyẹn. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1986, akẹ́kọ̀ọ́ ni Adékànmí ní yunifásítì kan l'Ékòó. Ó wà nínú ẹgbẹ́ olùwádìí kékeré kan tí Dókítà Ambrose, olùkọ́ wọn, kó jọ. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti wá irú ilé tí kò ní wó pa èèyàn bí ilẹ̀ bá mì. Àwọn èèyàn a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Kí ló ń mì l'Ékòó, yàtọ̀ sí ikùn ẹni tí ò tíì jẹun?" Dókítà Ambrose kì í bá wọn jà. Yóò mú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín náà lọ sí yàrá kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Ajégúnlẹ̀, yóò bu omi sínú ife, yóò gbé e ka orí tábìlì, yóò ní kí ó jókòó tì í. Kò ní pẹ́ tí tírélà kan á fi gbé ẹrù kọjá láti èbúté, omi inú ife á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín onítọ̀hún á sì gé kúrú. "Àbàtà ni wọ́n kó yanrìn lé nílẹ̀ yìí," ni Dókítà á wí. "Kò dìgbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ gidi bá dé ká tó mọ̀ pé ó yẹ ká kọ́lé dáadáa."

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èkíní ni Ugochukwu, aláwàdà paraku, tí kò sí ohun tí kò lè fi rẹ́rìn-ín, títí kan ilé tóun fúnra rẹ̀ kọ́. Èkejì ni Akpevwe, ọmọbìnrin Urhobo tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tí bàbá rẹ̀, Ovie, ń já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun ní Àpápá. Ẹ̀kẹta ni Adékànmí tiwa yìí, ọmọ Olódì-Àpápá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ràdíátù tó ń ta ìkòkò bí. Òun àti Akpevwe jọ ń wọkọ̀ lọ, wọ́n jọ ń wọkọ̀ bọ̀. Bí ọ̀kan bá ra ẹ̀pà, a bù ú fún èkejì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ o, kí ẹ má baà máa wá a kiri. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọ̀rẹ́ tó dénú.

Ọgbà kan tí wọ́n ti ń kó ẹrù pamọ́ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn Wharf Road, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ wọn sí: irin pẹlẹbẹ ńlá kan tí wọ́n gbé lé sípíríǹgì tírélà àlòkù, tí ẹ́ńjìnnì kan ń mì láti abẹ́. Jìgìjìgì ni wọ́n sọ ọ́. Bí wọ́n bá tan Jìgìjìgì, àwọn tó ń já ẹrù lọ́nà á dúró wòran, wọ́n á máa bá a mi ara wọn. Dókítà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé kékeré kan tó ga dé ìbàdí, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù kéékèèké àti ọgbọ́n orí rẹ̀. Wọ́n ó gbé ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun Jìgìjìgì. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá dúró pẹ́ jù ni yóò lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Jàpáànù, níbi tí ilẹ̀ ti ń mì bíi pé ó ní ìbà. Àyè ẹnì kan péré ló sì wà.

Àyè yìí ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Adékànmí ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ǹtì tí Ràdíátù ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń lọ sí Jàpáànù. Ó ti ṣe sàárà lé e lórí. Ó ti pe àwọn aáfà, ó ti dín àkàrà, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti ṣàdúà, wọ́n ti ṣe àmín. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà?

Irin ni Adékànmí fi gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé tirẹ̀ ró. Ó lágbára, ó sì bójú mu, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀. Ti Akpevwe ló yàtọ̀. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ gba àjákù okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ òkun mọ́ èbúté, ó tú u sí tínínrín, ó ń fi í bọ ihò búlọ́ọ̀kù láti ìsàlẹ̀ dókè, ó sì fi í yí orí ògiri ká kó tó rẹ́ ẹ. Nígbà tí Dókítà bi í léèrè, ó ní, "Sà, ṣebí ìyá ọmọ lè máa jó, kó bẹ̀rẹ̀, kó dìde, ọmọ ò ní já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀já ló mú un. Ilé tèmi náà, mo so ọ̀já mọ́ ọn." Dókítà mú okùn náà lọ́wọ́, ó ní, "Okùn yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń dà á nù ní èbúté. Bí èyí bá ṣiṣẹ́, mẹ̀kúnnù ló ni ín." Adékànmí wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ, àyà rẹ̀ sì já.

Ẹ wá gbọ́ àṣà kan nínú ẹgbẹ́ náà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù tútù kì í dédé le. Omi ni wọ́n ń wọ́n sí i láàárọ̀ lálẹ́ kí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ lè mu omi yó, kó sì gan. Bí kò bá mu omi, pàápàá lásìkò ọyẹ́, òde á gbẹ, inú á dà bí iyanrìn. Ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ní ọgbà Dókítà Ambrose, oníkálukú kọ́ ló ń wọ́n omi sí ilé tirẹ̀. Ẹni tó bá kàn ló ń wọ́n ti gbogbo wọn. Òfin Dókítà nìyẹn, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń kéwú: "Ilé ẹni tí ẹ bá fẹ́ kó ṣubú gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ́n."

Bí Kérésì ọdún yẹn ṣe ń súnmọ́lé, wọ́n parí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dókítà ń lọ sílé ní Benin, Ugochukwu ń lọ sí ìlà-oòrùn, Akpevwe náà ń bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Ughelli. Adékànmí tó jẹ́ Mùsùlùmí ló kù l'Ékòó, òun ni iṣẹ́ omi já lé léjìká. Akpevwe gba ọgbà náà kọjá pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí kó tó wọ mọ́tò. Ó fi ọwọ́ pa ògiri rẹ̀ lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Kanmi, abeg, no forget my pikin o. Ọyẹ́ ti dé. Tó bá gbẹ, ó parí nìyẹn." Adékànmí ní, "Ṣé èmi ni wàá máa sọ ìyẹn fún? Máa lọ jẹ Kérésì rẹ." Inú Akpevwe dùn, ó lọ.

Adékànmí kò sì wọ́n omi sí i bó ṣe yẹ. Bó ṣe jẹ́ gan-an, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ láìpẹ́. Ohun tí gbogbo èèyàn rí nígbà tí wọ́n dé ni pé wọ́n gbé àwọn ilé náà gun Jìgìjìgì. Ti Ugochukwu ló kọ́kọ́ wó, òun fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ògiri Akpevwe tú. Kò là, kò tẹ̀, ṣe ló dà wàà bí ìyẹ̀fun, okùn nìkan ló kù tó rọ̀ sílẹ̀. Dókítà Ambrose yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wá ní okùn náà ló ń gé búlọ́ọ̀kù láti inú bí ilé ṣe ń mì. Ó dun Dókítà alára. Ti Adékànmí dúró, Adékànmí lọ sí Jàpáànù, ìyá rẹ̀ tún ṣe sàárà mìíràn.

Akpevwe fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní orí òun kò pé tó iṣẹ́ yẹn. Ó di olùkọ́, nígbà tó yá ó dá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan sílẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà. Nígbà tí Adékànmí dé láti òkè òkun, tó di olùkọ́ ní yunifásítì, tó sì gba ipò olórí ẹgbẹ́ nígbà tí Dókítà fẹ̀yìn tì, ìdílé méjèèjì kò pínyà. Nígbà tí Adéṣẹwà ìyàwó rẹ̀ bímọ obìnrin, Akpevwe ló kọ́kọ́ wẹ ọmọ náà. Màámi ni ọmọ ń pè é títí dòní. Ohun tí Adékànmí lè pàdánù bí òtítọ́ bá jáde nìyẹn, kí ẹ má rò pé oyè yunifásítì ni.

Ní ọdún 1997, ògiri kíláàsì méjì bẹ̀rẹ̀ sí í là nílé ìwé Akpevwe. Bí tírélà bá kọjá, ẹfun á já bọ́ látorí pátákó. Akpevwe pe àwọn òbí jọ, ó sì bẹ Adékànmí pé kó wá bá òun wò ó. Adékànmí wò ó, ó rí i pé afẹ́fẹ́ ni ohun tó gbé ògiri náà ró. Wọ́n gbọ́dọ̀ wó o, kí wọ́n tún un kọ́ pẹ̀lú irin. Ṣùgbọ́n irin ti gbówó lórí kọjá agbára wọn. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n wó o, kí ilé ìwé dín kù, kí àwọn ọmọ kíláàsì méjì náà lọ máa wá ibòmíràn. Kò sì síbòmíràn. Ìyá kan tó ń jẹ́ Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń yọ́ ẹrù jí lẹ́yìn tírélà ni ọmọ òun máa lọ dara pọ̀ mọ́.

Ovie, bàbá Akpevwe, tó ti darúgbó nísinsìnyí, wà ní ìkángun bẹ́ńṣì. Ó wí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, "Akpevwe, that your rope nko? Rope still plenty for wharf."

Akpevwe mi orí. "Papa, leave that matter. The rope no work. E dey cut block from inside. Mo ti dán an wò rí, ó pa mí láyò. Ṣé inú kíláàsì tí ọmọ ọlọ́mọ wà ni kí n tún ti dán an wò? Kanmi wà níbẹ̀." Ó yí sí Adékànmí, ó fọkàn tán an, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Prófẹ́sọ̀, bá mi sọ fún Papa."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè. Bó bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Papa, okùn kò dáa," gbogbo wọn á gbà á gbọ́, òun náà á mu kóòkì tí wọ́n fi ṣe é lálejò, á sì lọ sílé. Ìgbà yẹn ló dìde tó yọ awò ojú rẹ̀, tó sọ èyí tí mo ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó já odi.

"Akpevwe, okùn rẹ kò gé búlọ́ọ̀kù kankan. Èmi ni. Èmi ni mo pa ilé rẹ kó tó gun Jìgìjìgì. Lọ́jọ́ tí gbogbo yín lọ, mo wọ́n omi sí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ọlọ́run gbọ́, mo wọ́n ọn dáadáa. Nígbà tí mo délé, mo bá àwọn aládùúgbò lọ́dọ̀ ìyá mi, wọ́n ń pè mí ní Ará Jàpáànù. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ látìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo dùbúlẹ̀, oorun ò wá, nítorí mo ti rí ilé rẹ, mo sì mọ̀ pé ó dára ju tèmi lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í dúró de ìdánwò kó tó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, omi ẹ̀rọ ọgbà náà kò yọ. Mo lọ pọnmi ní Ìjọ́rà, èyí tí mo rí pọ̀n tó ilé méjì. Mo wọ́n ti Ugochukwu, mo wọ́n tèmi. Mo sọ fún ara mi pé omi ni kò tó. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ló so mí lẹ́sẹ̀ tí mi ò fi padà lọ pọn garawa kan sí i? Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, omi yọ, ó ń tú jáde yaya. Mo mú rọ́bà omi, mo wọ́n ti Ugochukwu, mo wọ́n tèmi, nígbà tí mo dé iwájú tìrẹ, mo fi àtàǹpàkò mi dí ẹnu rọ́bà náà. Mo dí i, mo kọjá. Àtàǹpàkò yìí ni. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn títí ọyẹ́ fi mu gbogbo omi inú ògiri náà tán. Nígbà tó ku ọ̀la kí ẹ dé, mo rin ín gbingbin kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá ti àwọn yòókù mu. Òkú ni mo ń wẹ̀. O dé, o gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ wá fún mi, ẹja tí ìyá rẹ yan. O ní, 'Kanmi, ẹni tó bá ni tọ́jú ọmọ kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo.' Mo gbà á. Èmi àti ìyá mi jẹ ẹ́. Ó dùn. Kò tilẹ̀ há mi lọ́fun."

Ó ń bá a lọ.

"Nígbà tí ògiri rẹ tú, Dókítà bi wá léèrè, ó ní, 'Ṣé gbogbo wọn mumi dọ́gba?' Mo ti lanu. Bóyá òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, bóyá irọ́ ni, èmi alára ò mọ̀. Ṣùgbọ́n o kúnlẹ̀ síbi àwókù náà, ojú rẹ pọ́n, o gbé orí sókè, o ní, 'Sà, Kanmi ló wọ́n ọn. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, mi ò ní lè sọ. Kanmi ni.' Bí o ṣe fi ẹnu ara rẹ jẹ́rìí fún mi nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ti Jàpáànù dé, mo kọ́ ilé rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi nìkan, pẹ̀lú okùn bàbá rẹ. Mo wọ́n omi sí i bó ṣe yẹ. Mo kọ́ tèmi tì í. Mo tan Jìgìjìgì. Tèmi wó. Tìrẹ là níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù kan bọ́ sílẹ̀, ọ̀já náà mú un pinpin títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná tó kú. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo mú òòlù, mo fọ́ ọ túútúú, mo sì gbá a dà nù, nítorí bí mo bá fi han ẹnikẹ́ni, wọ́n á bi mí pé kí ló ṣe ti àkọ́kọ́. Olówó kọ́lé onírin, wọ́n sì ń yìn mí. Mẹ̀kúnnù ń sùn sábẹ́ ògiri tó ń mì, okùn tó lè gbà wọ́n là ń jẹrà ní èbúté. Ẹ forí jì mí. Akpevwe, forí jì mí. Bí ẹ ò bá sì lè forí jì mí, ẹ ṣáà fi okùn so kíláàsì yìí."

Ó jókòó. Tírélà kan kọjá lóde, bẹ́ńṣì gbọ̀n lábẹ́ àwọn òbí, ẹfun kan yí bọ́ sílẹ̀. Akpevwe ò sunkún, kò sì pariwo. Ó ní, "Ẹja ìyá mi. O jẹ ẹja ìyá mi, Kanmi." Ó dìde, ó jáde.

Ovie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "So the rope good?"

Adékànmí ní, "Ó dára, Papa. Ó dára gan-an ni, ẹ má bínú."

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "My pikin sabi book! All these years she dey tell me say she no sabi." Ó dìde, ó fọ̀pá tẹlẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún òbí kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Abẹ́ igi furúùtù ni Akpevwe wà. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ló padà wọlé, ó dúró síwájú Adékànmí. "Bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mo máa ń rò ó lọ́kàn pé ohun tí èmi fúnra mi ò mọ̀ ni mò ń kọ́ni. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sì ń wá jẹun nílé mi?"

"Mo ń wá."

Akpevwe mí kanlẹ̀. "Inú ń bí mi, á sì máa bí mi lọ fúngbà díẹ̀, má bẹ̀ mí. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé inú mi tún ń dùn. Ilé mi dúró! Kanmi, ilé mi dúró." Ó bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún gbá a léjìká lójijì. "A ó fi okùn kọ́ ọ. Ìwọ ni wàá máa wọ́n omi. Má rán akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ìwọ, pẹ̀lú àtàǹpàkò burúkú yẹn."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é. Adékànmí fi ipò olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó fi í sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo yunifásítì mọ ẹni tó ni ọgbọ́n okùn. Dókítà Ambrose, láti Benin, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìyà tó tọ́ sí i ni. Ugochukwu tó ń gbé ní Enugu fi fóònù pe Akpevwe, ó bá a yọ̀, ó wá béèrè bóyá wọ́n dí omi mọ́ tòun náà, nítorí ó wu òun kí òun náà rí nǹkan dá lẹ́bi. Àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté ru okùn wá lọ́fẹ̀ẹ́, bírí­kìlà àdúgbò mọ ògiri, Akpevwe ń dúró tì wọ́n tó ń pàṣẹ, ohùn rẹ̀ sì le ju bó ṣe máa ń rí lọ.

Láàárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, àti nírọ̀lẹ́ bó bá ń bọ̀, Adékànmí á ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, á máa pọnmi. Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ọ́ ní Sà Olómi. Ràdíátù ìyá rẹ̀ gbọ́, ó gbé ìkòkò tuntun wá láti Olódì-Àpápá, ó dín àkàrà fún gbogbo ilé ìwé. Ó kúnlẹ̀ fún Akpevwe tó lè bí lọ́mọ, wọ́n ní kó dìde, kò dìde. "Sàárà tí mo ṣe nígbà náà, tìrẹ ni mo jẹ, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún ẹni tó ni ín." Akpevwe kúnlẹ̀ tì í, wọ́n sì jọ jẹ àkàrà náà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì wá wòran níjọ́ kan. Wọ́n rò pé ó máa tì í lójú. Ó kó wọn yí ògiri náà ká, ó fi ọwọ́ wọn kàn án. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, a ò rán mi sí yín pé kí n wá wàásù, àmọ́ mo ti dàgbà nínú irọ́, mo lè júwe ibẹ̀ fún yín. Kò sí ẹni tó ń jí láàárọ̀ kó ní òun fẹ́ ba ayé ẹnìkejì òun jẹ́. Omi ni kò tó, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tètè padà lọ pọn sí i. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kọ́ jù yín lọ, ẹ kọ́kọ́ wọ́n tirẹ̀." Ó tún mú rọ́bà omi, ó ń bá iṣẹ́ lọ, ó ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ dé ibi pé ó ń dà á láàmú bóyá ẹni tó ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí irú ìfúyẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ tí bíríkìlà ní ògiri náà ti gan, pé omi tó, Akpevwe wá. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ káàárọ̀ lásán ni wọ́n ń kí ara wọn. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà lára bó ṣe pa ti kékeré ìjọ́sí. Tírélà kan ń bọ̀, ẹrù kún orí rẹ̀, ó kọjá, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn méjèèjì ń wo ògiri. Kò sí eruku kan tó já bọ́ lára rẹ̀.

Akpevwe bẹ̀rẹ̀, ó gbé abọ́ kan tó fi àwo dé kúrò nílẹ̀, ó nà án sí i. Adékànmí ṣí i. Ẹja gbígbẹ ni, tí wọ́n fi ata àti epo tọ́jú, èyí tí ìyá Akpevwe fi ránṣẹ́ láti Ughelli. Ọkùnrin náà kò fi ọwọ́ kan ẹja náà.

Akpevwe ní, "Jẹ ẹ́. Eléyìí, o ṣiṣẹ́ fún un."